Ẹrù Arìnrìn-Àjò

Àwa tí ń bẹ ní Imeke àti ní agbègbè Àgbádárìgì mọ̀ dájú pé ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ bá pọ̀ jù a máa rì sínú ọ̀sà. Nígbà tí Olúwa rán àwọn Méjìlá láti ìletò dé ìletò, kò jẹ́ kí wọ́n mú àpò tàbí owó lọ́wọ́, kí wọn kí ó lè gbẹ́kẹ̀lé Ẹni tí ó rán wọn.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, Samuel Ajayi Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó ń retí àtilọ sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ kú, ọ̀nà sì dí fún ọdún kan ààbọ̀. Ẹni tí a ti kó lẹ́rú ní 1821 ìbá ru ìbínú padà wá sí ilẹ̀ tí a ti tà á. Ìhìnrere ni ó rù wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Nítorí náà, bí a ti ń di ẹrù wa fún ìrìn-àjò, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni a kò tí ì dárí jì? Ẹ jẹ́ kí a sọ ẹrù náà kalẹ̀ ní èbúté, kí a tó wọ ọkọ̀. Kí Olúwa kí ó ràn wá lọ́wọ́. Àmín.