Ogun Àwítẹ́lẹ̀ àti Ìdánwò Sitatísíìkì

Nígbà tí Yorùbá bá sọ pé ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ìparí gbólóhùn náà ni ìtumọ̀ fìdí sí, nítorí ìkéde nìkan kò gba arọ là bí kò bá tètè gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọmọ Emure-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, tó gboyè àkọ́kọ́ ní Àkùngbá, tó sì ń múra ìdánwò àbáwọlé fún oyè kejì nínú sitatísíìkì, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń fi díẹ̀ tí a kà mọ púpọ̀ tí a kò lè kà tán: mímọ̀ pé ìdánwò ń bọ̀ kò tó bí kò bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan nínú ẹ̀kọ́ náà. Onímọ̀ ìṣirò Jacob Bernoulli fi hàn, nínú ìwé tí a tẹ̀ ní 1713 lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé bí a bá ń ta ẹyọ owó léraléra, ìdá ìgbà tí orí jáde yóò máa sún mọ́ ìdajì. Ẹni tó kàn há òfin yìí sórí lè rò pé, bí orí bá jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá léra, ìdí ló kàn (àṣìṣe tí ilé tẹ́tẹ́ ń jẹ èrè rẹ̀), ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí òfin náà mọ̀ pé ẹyọ owó kì í rántí. Kíkọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ló ń gba oṣù, òun ló sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tètè bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.