Ọgbẹ́ Ẹ̀yìn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Wà Lọ́rùn Ẹni tí Ó Ni Ín

Wáásí Jímọ̀, Kuje, Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, Èkó

Gbogbo ẹyìn ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì dá ẹranko tí ń ru ẹrù ènìyàn. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn títí di Ọjọ́ Ìkẹyìn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ẹ̀yin àti ara wa níyànjú pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun, nínú ohun tí a ń rí àti nínú ohun tí a kì í fẹ́ wò.

Ọ̀kan nínú àwọn ará wa tí ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò yìí bi wá ní ìbéèrè kan lẹ́yìn ìrun Màgáríbì. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní òkè Ọya. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní; òun ni ó ń ru omi, igi ìdáná àti ọkà. Okùn ti jẹ ẹ́ lẹ́yìn, ọgbẹ́ náà sì ti ń rùn. Wọ́n da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, wọ́n tún di ẹrù lé e ní ọjọ́ kejì, nítorí pé ìkórè kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò kan sì ti dé, ó fẹ́ rà á nítorí awọ rẹ̀. Owó díẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ arákùnrin wa: ṣé kí òun fi ránṣẹ́ fún oúnjẹ ilé ni, tàbí fún ìtọ́jú ẹranko?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbéèrè yìí rẹ́rìn-ín. Ní Kuje níbí, ọkọ̀ àjàgbé ni a mọ̀, a kì í rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni kánhún ń gbà dé Ìlọrin láti ilẹ̀ Haúsá, òun kan náà ni ó sì ń ru obì padà. Nínú Súrátù Nahl, Ọlọ́hun ka ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ àwọn ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún wa. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ gùn ún: Ufayr ni orúkọ èyí tí ó gùn nígbà tí Mu'adh ọmọ Jabal jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó sì rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tí wọ́n fi irin gbígbóná sàmì sí lójú, ó gbé ẹni tí ó ṣe é ṣépè. Hádíìsì náà wà nínú Sahih Muslim.

Ibn Sa'd gbà á wá pé Umar, kálífà kejì, a máa ti ọwọ́ bọ ọgbẹ́ ẹ̀yìn ràkúnmí, a sì máa sọ pé ẹ̀rù ń ba òun kí wọ́n má baà bi òun léèrè nípa ohun tí ń ṣe é. Ẹ wò ó! Ṣáámù àti Íjíbítì wà lábẹ́ àṣẹ ọkùnrin yìí, síbẹ̀ kò dúró lókèèrè kí ó máa fi imú sọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ẹranko kò lè pe olówó rẹ̀ lẹ́jọ́ láyé, ṣùgbọ́n Ẹni tí ó ni ín ń gbọ́.

Nítorí náà, ìdájọ́ tí àwọn onímọ̀ fi lélẹ̀ ni pé ọ̀ranyàn ni kí olówó ẹranko bọ́ ọ, kí ó sì tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá lágbára, kí ó tà á fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, kí ó má sì fi àbùkù rẹ̀ pamọ́, nítorí ẹni tí ó bá rẹ́ wa jẹ kò sí nínú wa. Pípa rẹ̀ jẹ kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ: láti ọjọ́ Khaybar ni a ti kọ ẹran kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ilé fún wa. Ní ti oníṣòwò awọ, ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń se awọ náà di oògùn tí wọ́n ń pè ní ejiao. Ní oṣù Èrèlè 2024, ní Addis Ababa, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà fòfin de pípa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí awọ.

Báwo ni ìtọ́jú náà? Oògùn àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. Ọgbẹ́ tí a ń di ẹrù lé kò lè jinná. Kí wọ́n gé irun tí ó yí i ká, kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́: ṣíbí kékeré kan iyọ̀ sínú ìdajì lítà omi tí a ti sè, tí ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí wọ́n lé eṣinṣin kúrò lára rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, omi bátìrì tàbí eérú sí i. Ẹran ara tí ó yè ni ìwọ̀nyí ń jó. Bí ó bá jìn, bí ó bá ń rùn tàbí tí ìdin bá wà nínú rẹ̀, kí wọ́n pe dókítà ẹranko. Ọgbẹ́ tí ìdọ̀tí ilẹ̀ wọ̀ lè fa àrùn tí ń mú ara gan, ó sì máa ń pa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Bí ó bá jinná, kí wọ́n fi tìmùtìmù sábẹ́ ẹrù, kí ìwọ̀n má sì sinmi lé ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í tètè fi ìrora hàn. Pé ó ṣì ń rìn kì í ṣe ẹ̀rí pé kò dùn ún.

Èsì tí a fún arákùnrin wa nìyí: oúnjẹ ilé àti ìlera ẹranko yẹn kì í ṣe ohun méjì. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹrà, ta ni yóò ru ọkà ọdún tí ń bọ̀? Kí ó pín owó náà sí méjì, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí àìní ni ó mú bàbá ṣe é, kì í ṣe ìkà. Àwa náà kò gbọdọ̀ fi ẹnu nìkan dá a lóhùn. Kí wọ́n lè háyà kẹ̀kẹ́ ẹrù títí ọgbẹ́ yóò fi jinná, a ó gba sàráà lẹ́nu ọ̀nà lónìí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti fi yé wa pé ẹ̀san wà nínú oore tí a bá ṣe fún ohun gbogbo tí ó ní ẹ̀mí. Kí ẹni tí kò ní owó wo ọrùn àgbò Iléyá rẹ̀, bóyá okùn ti ń jẹ ẹ́.

Ọlọ́hun, má ṣe fi ẹ̀dá tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí takò wá. Wo ọgbẹ́ wa sàn, èyí tí ó hàn àti èyí tí ó pamọ́. Ṣàánú wa bí a ti ń ṣàánú àwọn tí ń bẹ lábẹ́ ọwọ́ wa. Ààmín.