Ta Ni Ẹnìkejì Sẹ́ẹ̀lì?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1906, ọkùnrin méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀ rárá jọ gba ẹ̀bùn Nobel kan náà ní Stockholm. Camillo Golgi, ará Ítálì, ní àwọ̀n kan ṣoṣo tí kò já níbì kankan ló wà nínú ọpọlọ. Santiago Ramón y Cajal, ará Sípéènì, ní kò rí bẹ́ẹ̀: sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló dá dúró. Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé ọgbọ́n tí Golgi dá, tó ń fi fàdákà pa sẹ́ẹ̀lì láró dúdú, òun náà ni Cajal lò tó fi ta kò ó.

Cajal ló jàre. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ nẹ́úrọ̀nù, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri inú ọpọlọ, ni wọ́n ń rò. Àwọn astrocyte, tí wọ́n rí bí ìràwọ̀, tí wọ́n ń bọ́ nẹ́úrọ̀nù, tí wọ́n sì ń palẹ̀ ìdọ̀tí rẹ̀ mọ́, so mọ́ra wọn ní tòótọ́. Pùròtéènì kan tó ń jẹ́ connexin 43 wà lára ohun tó so wọ́n pọ̀. Mẹ́fà irú rẹ̀ á tò yípo, wọ́n á di ìdajì ihò. Sẹ́ẹ̀lì tó kángun sí i á mú ìdajì tirẹ̀ wá. Bí méjèèjì bá pàdé, ọ̀nà là. Ṣúgà àti pọtásíọ̀mù á máa gba ibẹ̀ kọjá láìkan ìta.

Kéènì bi Ọlọ́run bóyá òun ni olùṣọ́ àbúrò òun. Yorùbá kì í pẹ́ dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ni. Ọpọlọ tó fara pa kò yá bẹ́ẹ̀ lẹ́nu: ṣé ìsopọ̀ yìí ń gba sẹ́ẹ̀lì aládùúgbò là ni, àbí ó ń pa á?

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ gbe ìdáhùn wa. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Paris fi ṣúgà tó ń tàn yòò sínú astrocyte kan ṣoṣo nínú ọpọlọ eku. Ṣúgà náà gba ara sẹ́ẹ̀lì dé ara sẹ́ẹ̀lì, ó lọ síbi tí nẹ́úrọ̀nù ti ń ṣiṣẹ́. Nínú eku tí kò ní connexin, kò kúrò lójú kan. Ní 2001, wọ́n tiẹ̀ ti rí i pé bí ẹ̀jẹ̀ bá dáwọ́ dúró nínú ọpọlọ eku tí connexin 43 rẹ̀ kò pé, ibi tó bàjẹ́ máa ń fẹ̀ ju ti eku yòókù lọ.

Ẹ̀rí kejì wá da omi sí i. Ní 1998, nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú sínú abọ́, èyí tó ń kú lọ gba ojú ọ̀nà yìí pa aládùúgbò tí ì bá yè, bí iná ṣe ń ti yàrá kan ràn dé èkejì nínú agbo ilé. Ní 2012, eku tí wọ́n yọ connexin kúrò nínú astrocyte wọn ló bọ̀ sípò dáadáa ju àwọn yòókù lọ lẹ́yìn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara gbọgbẹ́.

Ta ni ká wá gbà gbọ́? Apá kan ìdáhùn wà lọ́dọ̀ ìdajì ihò tí kò rí èkejì rẹ̀. Bí wọ́n bá fi nǹkan lu orí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọpọlọ mọ́, ìdajì yìí lè ṣí sílẹ̀ gbayawu sí ìta. ATP, tó jẹ́ agbára inú sẹ́ẹ̀lì, á tú jáde. Lójú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká, igbe ewu nìyẹn, ibẹ̀ á sì wú. Glutamate náà á tú jáde, àpọ̀jù rẹ̀ sì ń pa nẹ́úrọ̀nù. Pùròtéènì kan náà ni, ìwà rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tó kọjú sí ni kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ire àti ibi nínú nǹkan fúnra rẹ̀ yóò pẹ́ kó tó rí i níhìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ fi èyí wàásù ìfẹ́ ẹnìkejì má tíì yọ̀ o: nínú ìwádìí ọdún 1998 yẹn, odindi ihò, tí ìdajì méjèèjì pàdé dáadáa, ni ikú gbà kọjá.

Àwọn olùwádìí ti rí ègé pùròtéènì kékeré kan tí wọ́n sọ ní Gap19. Ó ń dí ìdajì tó ṣí sí ìta, ó sì ń fi odindi sílẹ̀. Nínú eku tí ẹ̀jẹ̀ dá dúró lọ́pọlọ wọn, ó dín ìbàjẹ́ kù.