Ta Ni Orúkọ Ìdílé Ń Jẹ́rìí Fún?

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn mọ ojú ewé ìyípadà orúkọ dáadáa. Ẹni tó ń jẹ́ Fá-báyìí lánàá á di Olú-báyìí lónìí. Ó sanwó ìkéde, ó parí. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, n kò mọ àdúgbò tí irú wọn kò sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú Fáwẹ̀hìnmi yẹ̀ wò, orúkọ tí a kì í bá pàdé ní gbogbo ìlú. Bí mo ti gbọ́ ọ, Ifá ló wo ẹ̀hìn ẹnì kan. Ẹ̀hìn wo wá ni? Ó lè jẹ́ ẹ̀hìn tí ọ̀tá ń gbà yọ síni. Ó sì lè jẹ́ àwọn ọmọ, bí a ti ń ṣàdúrà pé kí ẹ̀hìn wa ó dára. Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ló mọ èyí tó ń wí. Síbẹ̀, Mùsùlùmí ni Gani Fáwẹ̀hìnmi, lọ́yà tí wọ́n bí ní Oǹdó ní 1938; Mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀ tó ń ṣòwò gẹdú. Àwọn ìjọba ológun ti Gani mọ́lé títí, Ifá ṣì wà níwájú orúkọ rẹ̀ títí ó fi kú ní 2009. Ta ló wá pè é ní babaláwo?

Arákùnrin kan ní Àkúrẹ́ sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni mò ń pa bí mo bá ti fọwọ́ síwèé. Ifá kò ṣe nǹkan kan fún mi rí." Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo, ẹni tó ń sá fún irọ́ kì í ṣe ẹni à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo D. O. Fágúnwà, ará Òkè-Igbó. Oròwọlé ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó di onígbàgbọ́, ó sọ ara rẹ̀ di Ọlọ́runfẹ́mi. Fágúnwà ńkọ́? Kò fọwọ́ kàn án títí ó fi kú ní 1963. Lójú tèmi, ó mọ ohun tó ń ṣe. Orúkọ àbísọ la fi ń sọ tara wa. Ti ìdílé, ẹ̀rí ẹlòmíràn ni a kàn ń bá a gbé kiri.

Arákùnrin yẹn yí tirẹ̀ padà ṣá, àbúrò rẹ̀ kọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ bàbá wọn, ó di dandan kó lọ búra ní kóòtù pé ọmọ bàbá òun ni òun. Orúkọ bàbá tó kọ síwèé ìbúra náà, Fá ló fi bẹ̀rẹ̀.