Ta Ni Ó Ni Èso Oko?

Ìwọ òǹkàwé mi, bí ọkùnrin kan bá ni ilẹ̀, tí ẹlòmíràn sì fi agbára rẹ̀ ro ó, ta ni ó ni èso rẹ̀? Olówó yóò dáhùn pé, "Èmi ni mo ni ilẹ̀, mo sì ti san owó iṣẹ́." Lórí ìdáhùn yìí ni a gbé ètò ọrọ̀ ajé tí ó gbilẹ̀ jù lọ ní ayé kà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ìdáhùn tí ọmọ ènìyàn ti rí.

Ní ìhà Erijiyan-Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbẹ̀ a máa ṣe àáró. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, wọn yóò jùmọ̀ ro oko ẹni kìn-ín-ní lónìí, wọn yóò ro ti èkejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san iṣẹ́. Ọ̀lẹ kò lè rí èrè jẹ níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá lọ sí oko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì yóò rí ẹni wá sí tirẹ̀.

Nígbà tí kòkó dé, ẹnì kan ṣoṣo kò lágbára níwájú àwọn tí ń rà á. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ ṣe ń kó kòkó wọn jọ, tí wọ́n sì ń jùmọ̀ tà á. Ní ọdún 1935 ni ìjọba ṣe òfin fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbò kan ni olúkúlùkù ní, ìbáà ṣe àpò kan ni ó mú wá, ìbáà ṣe ogún. Irú ọgbọ́n yìí náà ni àwọn òtòṣì 28 dá ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1844, nígbà tí wọ́n jùmọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ti ara wọn.

Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé àáró kò ní àbùkù. Oko ni a fi ń wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò ni ó wá ṣe alágbàṣe nínú oko kòkó Èkìtì, àwọn Ẹ̀bìrà sì wà lára wọn. Kí ni a óò bá wọn ro? Kòkó wo ni wọn yóò gbé lọ sí ẹgbẹ́? Apá wọn wà nínú iṣẹ́, ohùn wọn kò sí nínú ìpínyà.

Àwọn Ìlàjẹ kan gbìyànjú láti mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò pátápátá. Ní ọdún 1947 wọ́n tẹ Ayétòrò dó lẹ́bàá òkun. Ohun gbogbo di ti gbogbo wọn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ láìgba owó, ìlú sì ń bọ́ wọn, ó ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Ìlú náà gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu fi ń ya àlejò. Síbẹ̀, ní ọdún 1968, wọ́n tún gbà kí olúkúlùkù máa ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ó ṣòro kí a gba ohun ìní lọ́wọ́ ènìyàn títí láé, bí ó ti ṣòro kí a fi àwọn aláìní sílẹ̀ kí ọkàn wa sì balẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a bá yin ètò kan fún ọ, má ṣe béèrè orúkọ rẹ̀ nìkan. Béèrè ibi tí ẹni tí kò ní ju apá rẹ̀ méjèèjì lọ yóò jókòó sí, nígbà tí a bá ń pín èrè. Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí ìwọ fúnra rẹ di olóko, rántí láti tún bi ara rẹ ní ìbéèrè náà, kí o tó ka owó lé alágbàṣe rẹ lọ́wọ́.