Odídẹrẹ́ àti Oko Ìwájẹ



Kò sí ọmọ Ìwó tí kò mọ̀ pé odídẹrẹ́ wà nínú oríkì ìlú rẹ̀. Bí ọmọ bá ń lọ sí àjò, àwọn àgbà a gbé ọwọ́ lé e lórí, wọn a sì wí pé odídẹrẹ́ Ìwó kì í kú sí oko ìwájẹ. Àdúrà kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀. Ó gbà pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ẹyẹ fò lọ wá oúnjẹ. Ó sì gbà pé oko ìwájẹ kì í ṣe ilé. Láàrin ohun méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí ní oṣù yìí, kí a fi sùúrù yẹ ọ̀ràn kan wò tí ó ń da ọ̀pọ̀ ìdílé láàmú: ìdí wo ni ó tọ́ kí ènìyàn torí rẹ̀ fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, kí ó lọ máa gbé ní ilẹ̀ àjèjì?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa tọ̀ mí wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan. Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ni ó kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní òun ń lọ sí Róòmù, olú-ìlú ilẹ̀ Ítálì, kí n gbàdúrà fún òun. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó sì kà á sí mi létí bí ẹni tí ó ti há a sórí. Ó ní owó ibẹ̀ lágbára ju náírà lọ. Ó ní iná kì í kú níbẹ̀, ọ̀nà dára, ilé ìwòsàn sì wà. Ó ní kì í ṣe ìlú òtútù bí Lọ́ńdọ̀nù; oòrùn ń ràn níbẹ̀, òkun kò jìnnà, ara òun yóò sì gbà á. Mo wí fún un pé bí ó bá ṣe ti oòrùn ni, Ọlọ́run kò fi oòrùn du Ìwó. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo gbàdúrà fún un, ó sì lọ. Ohun tí n kò béèrè ni ọ̀nà tí yóò gbà, àti bóyá ìyá rẹ̀ gbọ́. Nítorí ìbéèrè méjì tí n kò béèrè yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èmi yóò dá àwọn tí ń lọ lẹ́bi. Abrahamu sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Íjíbítì nígbà ìyàn. Elimeleki mú Naomi àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Móábù nítorí pé oúnjẹ tán ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Olúwa wa fúnra rẹ̀ jẹ́ àlejò ní Íjíbítì nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́, nítorí idà Hẹ́rọ́dù. Nítòsí wa níhìn-ín, ta ni kò mọ̀ pé àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ sí Àbíjáǹ láti ìgbà àwọn baba wọn, tí wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀, tí wọ́n sì ń padà wá kọ́lé sí ìlú wọn? Ebi jẹ́ ìdí. Ìwé kíkà jẹ́ ìdí. Ìpè Ọlọ́run jẹ́ ìdí. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń retí rẹ̀, tí ó gba físà rẹ̀ ní ojú ọ̀sán, tí ó sì dágbére fún ilé, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Ìjọ yóò gbàdúrà fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń lò nísinsìnyí. Àwọn baba wa a máa wí pé, “Mo ń re àjò.” Ẹni tí ó bá re àjò ti sọ nínú ọ̀rọ̀ náà pé òun yóò bọ̀, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Ọ̀rọ̀ ti òní ni “jápá”. Ẹni tí ó ń sá ni a ń sọ ọ́ sí, ẹni tí ó já kúrò lójijì láì wẹ̀yìn. Ẹni tí ń re àjò ní láti wí fún ẹnì kan pé òun ń lọ. Ẹni tí ń sá kì í dágbére. Mo bẹ̀rù pé ìyípadà inú ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú ọkàn wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà náà. Láti Kánò ni ọ̀pọ̀ ti ń wọ ilẹ̀ Niger, wọn a dé Agadez, wọn a sì gba inú aṣálẹ̀ lọ sí Sabha ní ilẹ̀ Líbíà, kí wọ́n tó dé Tripoli ní etí òkun. Ní ọdún 2015 ìjọba Niger ṣe òfin láti fi òpin sí òwò kíkó ènìyàn la aṣálẹ̀ kọjá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 àwọn ológun tí ó gba ìjọba fagi lé òfin náà. Tripoli pẹ̀lú jẹ́ olú-ìlú tí oòrùn ń ràn sí létí òkun, ibẹ̀ sì ni ìrìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti parí, nínú àhámọ́. Ní ọdún 2017 gbogbo ayé rí àwòrán níbi tí a ti ń ta àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní gbànjo ní Líbíà, bí ìgbà tí a ń ta àwọn baba ńlá wa.

Òkun tí ó wà níwájú Tripoli náà ni Bíbélì ń pè ní Òkun Ńlá. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ kan rì nítòsí erékùṣù Lampedusa, ènìyàn tí ó kú ju 360 lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, a gbé òkú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin 26 gúnlẹ̀ sí Salerno ní Ítálì, ọmọ Nàìjíríà ni a sì kà wọ́n sí. Ilẹ̀ àjèjì ni a sin wọ́n sí. Láàrin ọdún 2014 àti 2023, àwọn tí ó kú tàbí tí ó sọnù nínú òkun yìí ju 27,000 lọ. Oko ìwájẹ ni gbogbo wọn ń lọ.

Lórí òkun kan náà ni Pọ́ọ̀lù Mímọ́ gbà lọ sí Róòmù. Ó kìlọ̀ fún balógun ọ̀rún pé ìrìn náà léwu, ṣùgbọ́n balógun gba ti ọ̀gá ọkọ̀ àti ti ọlọ́kọ̀ gbọ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gúúsù sì fẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n rò pé ọwọ́ àwọn ti tẹ ohun tí àwọn ń wá. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ìjì ni ó mú wọn kúrò ní èbúté. Afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán oòrùn àti òkun tí ń tàn nínú fóònù àwọn ọmọ wa. Loti pẹ̀lú fi ojú wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jọ́dánì, ó rí i pé omi pọ̀ níbẹ̀, ó sì yàn án. Kò béèrè irú ènìyàn tí ó ń gbé inú rẹ̀.

Báwo wá ni a ó ṣe mọ ìdí tí ó tọ́? Èmi rò pé òṣùwọ̀n kan wà tí kì í tàn wá jẹ. Ìdí tí ó tọ́ ni èyí tí ènìyàn lè sọ ní gbangba, ní ojú gbogbo ẹni tí yóò san nínú owó rẹ̀. Kì í ṣe arìnrìn-àjò nìkan ni ó ń sanwó ìrìn-àjò. Ìyá ń fi oorun rẹ̀ san. Aya tí a fi sílẹ̀ ń fi ìgbà èwe rẹ̀ san. Àbúrò ń fi ilẹ̀ ìdílé tí a fi yáwó san. Ẹni tí ó bá ń sọ fún ọmọbìnrin pé iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ń bẹ fún un ní Ítálì, tí ó sì mú un búra ní ìkọ̀kọ̀ kí ó má baà sọ̀rọ̀, ìdí rẹ̀ kò lè dúró ní gbangba. Nítorí èyí ni Ọba Ewuare Kejì ti Bìní fi gégùn-ún fún àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2018, tí ó sì tú àwọn tí wọ́n ti mú búra sílẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Àwọn ìyá kan mọ̀, àwọn ni ó tilẹ̀ ń rán ọmọ lọ.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bóyá a sọ ọ̀nà náà fún wọn bí a ti sọ ìlú náà. Ìlú ni a máa ń sọ. Ọ̀nà ni a máa ń fi pamọ́. Bí a kò bá sì lè sọ ọ̀nà, a kò tíì sọ ìdí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dé Róòmù. Ó wà ní àhámọ́ ní Tripoli fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí a fi fi ọkọ̀ òfuurufú kó òun àti àwọn mìíràn padà sí Èkó. Ìyá rẹ̀ rò pé Èkó ni ó ti wà láti ìgbà náà, nítorí ohun tí ó sọ fún un nìyẹn. Nígbà tí ó sì dé Èkó nítòótọ́, oṣù méje ni ó lò níbẹ̀ kí ó tó wá sílé. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀nà aṣálẹ̀ kò bà mí lẹ́rù tó ọ̀nà Èkó sí Ìwó.”

Ọ̀rọ̀ yìí gún mi lọ́kàn. Nítorí bí odídẹrẹ́ kò bá ní í kú sí oko ìwájẹ, ó gbọ́dọ̀ ní ìtẹ́ tí yóò padà sí. Àwa ni a ń fi ẹ̀gún sí inú ìtẹ́ náà. A ń dá ìdúpẹ́ fún ẹni tí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ. A ń dá ìdúpẹ́ fún ẹni tí ó padà wá kọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó padà ní ọwọ́ òfo, ohun tí a máa ń bi í ni pé, “Kí ni o mú bọ̀?” Nípa ìbéèrè yìí ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n kúkú kú sí ọ̀nà ju kí wọ́n padà lọ.

Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé-ìlú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ti ṣòwò níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́ fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀, wọ́n sì padà pẹ̀lú ẹrù orí wọn. A ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Àwọn ará Málítà pẹ̀lú, nígbà tí Pọ́ọ̀lù àti àwọn 275 tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ jáde láti inú omi láì ní nǹkan kan, dá iná fún wọn nítorí òjò àti òtútù. Ní Róòmù lónìí, ní ìsàlẹ̀ ilé ìsìn Pọ́ọ̀lù Mímọ́, tí ó jẹ́ ti ìdàpọ̀ àwa Áńgílíkà, àyè wà tí a ti ń gba àwọn tí ó sá wá sí ìlú náà. Bí àjèjì bá lè dá iná fún ọmọ wa, ṣé àwa yóò pa tiwa mọ́ ọn lójú?

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti tún ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Gbèsè rẹ̀ kò tíì tán. Ìyá rẹ̀ ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń jí lóru lọ wo ẹnu ọ̀nà iyàrá rẹ̀. Èmi náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá kí n gbàdúrà fún ìrìn-àjò rẹ̀, mo ń kọ́kọ́ béèrè pé, “Ọ̀nà wo ni o ń gbà? Ṣé ìyá rẹ gbọ́?” Mo bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ ìjọ gbogbo pé kí ẹ máa béèrè pẹ̀lú mi, bí ọmọ kan bá sì padà wá láì mú nǹkan kan bọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ wí fún un pé, “Káàbọ̀.”

Kí Ọlọ́run tí ó pa Pọ́ọ̀lù mọ́ lórí omi pa àwọn ọmọ wa mọ́ nínú àlọ àti àbọ̀ wọn. Kí odídẹrẹ́ wa má ṣe kú sí oko ìwájẹ. Àmín.