Àlejò Ni Ìtara

Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú: bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe to oúnjẹ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń to ìjòyè láàfin, tí oníkálukú sì mọ àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo oyè tí wọ́n fi oúnjẹ jẹ wọ̀nyí, n kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n fi ọ̀kankan jẹ Balógun Òru, èyí tí í ṣe oyè tí èmi fúnra mi fi àwo ẹ̀bà kan jẹ, tí ó sì ń ṣàkóso lórí tábìlì mi ní agogo mẹ́wàá alẹ́ fún nǹkan bí ogún ọdún, láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí di ẹ̀yìn ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni wọ́n wí. Lọ́jọ́ tí dókítà ní kí n gun orí òṣùwọ̀n, tí abẹ́rẹ́ ibẹ̀ gbọ̀n títí kí ó tó fìdí kalẹ̀ sórí kílò 108, tí ó sì tún wọn ìfúnpá mi tí ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ọ̀rọ̀ tí ó bá mi sọ kò gùn rárá. Ó ní, “Bàbá, ẹrù tí ẹ gbé lé orúnkún yín yìí ti pọ̀ jù. Ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.” Ó ní bí ẹni tí ó wọn 100 kílò bá sọ kílò márùn-ún péré nù, tí kò sì jẹ́ kí ó padà, ó ti tó kí ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Kílò márùn-ún! Garí tí ìyàwó mi ń rà lọ́jà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rín ni mo fi kúrò níwájú dókítà náà, nítorí mo rò ó pé kí oṣù tó ń bọ̀ tó lé, n ó ti parí iṣẹ́ tí ó rán mi.

Mo ra bàtà ìrìn tuntun. Mo kéde fún ìyàwó, mo kéde fún ọmọ, mo kéde fún àwọn ará ìjọ, mo sì gbé páálí mínírà tí ó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn fún àwọn ọmọ alájọgbé. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kílò mẹ́ta ti lọ, inú mi sì dùn débi pé bí ìsìn ti ń lọ lọ́wọ́ ni mo ń ti ìka bọ abẹ́ ìgbànú mi láti wo bí àyè ibẹ̀ ti tó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òṣùwọ̀n dúró gbagidi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó tilẹ̀ fi ìdajì kílò lé e. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé omi ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú kílò mẹ́ta tí mo ń fi yangàn: oúnjẹ tí ara ń tọ́jú pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, omi ni ó fi ń pò ó, nígbà tí a bá sì dín oúnjẹ kù, ìpamọ́ yìí ni ara kọ́kọ́ ń ná, omi rẹ̀ a sì bá a jáde wàràwàrà, ṣùgbọ́n ọ̀rá gan-an kì í kánjú, bí ara bá sì ti ń fúyẹ́ sí i ni oúnjẹ tí ó ń béèrè láti fi gbé ọjọ́ ń kéré sí i, tí ohun tí ó tó láná kò fi ní í tó mọ́ lónìí. Bí ìtara mi ti rí i pé òṣùwọ̀n kò pàtẹ́wọ́ fún òun mọ́, ó ká ẹní rẹ̀, ó ní òun ń lọ.

Mo ti gbọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè pé, “Kí ni mo lè ṣe tí ìtara mi kò fi ní tán?” Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yìí kò bójú mu, nítorí pé àlejò ni ìtara, àlejò tí ó dára ni, ó ń mú ọjà wá, ó ń mú ilé kún fún ariwo ayọ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè kẹ́ àlejò tó tí kò ní padà sí ilé rẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún àlejò, òun ni yóò sùn síta. Ìwà ni onílé. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni irú ẹni tí a jẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìtara kò sí nílé, nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé ọ̀rọ̀ ara dídínkù yìí, kí ó tó di ọ̀rọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni.

Ó ti mọ́ wa lára láti máa wọn ọmọlúàbí pẹ̀lú bí ó ti ń ṣe sí ẹlòmíràn: bí ó ti ń kí àgbà, bí ó ti ń san gbèsè, bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti tọ́ tó. Bí mo bá ṣèlérí fún aládùúgbò mi tí n kò mú un ṣẹ, ojú yóò tì mí lọ́jọ́ tí a bá pàdé ní ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣèlérí fún ara mi, ta ni yóò pè mí lẹ́jọ́? Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí àìdáa ara mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni mo gun òṣùwọ̀n tí mo rà sí ẹnu ọ̀nà yàrá, tí mo sì fi ìka mẹ́ta péré ti férémù ilẹ̀kùn bí ẹni tí òòyì fẹ́ kọ́. Bí mo ti ń ti férémù ni abẹ́rẹ́ ń padà sẹ́yìn, 106, 105, 104, mo sì kọ 104 sínú ìwé pélébé tí mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀. N kò mọ̀ pé ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti dúró lẹ́yìn mi láti ìgbà tí mo ti bọ́ sálúbàtà. Ó ní, “Bàbá àgbà, ṣé ẹ̀yin àti ilẹ̀kùn lẹ jọ ń wọn ara yín ni?” Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì pé ẹni tí ó bá lu ìdí kọ́ńgò wọnú kí garí rẹ̀ má baà tán kíá, ẹni náà kì í ṣe ọmọlúàbí, bó ti wù kí ó máa rẹ́rìn-ín sí oníbàárà tó, ó wá di pé èmi ni mo ń tà, èmi ni mo ń rà, èmi náà sì ni mo lu ìdí kọ́ńgò wọnú. Mo fa ìlà sí 104 yẹn, mo kọ 107 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà náà wà níbẹ̀ títí di òní.

Ọkùnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ayé Ọbabìnrin Fìtóríà, William Banting ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ìsìnkú ni iṣẹ́ ìdílé rẹ̀, àwọn ni ààfin Gẹ̀ẹ́sì sì ń gbé ètò ìsìnkú ọba lé lọ́wọ́. Ní ọdún 1862, tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó wọn nǹkan bí kílò 92, bẹ́ẹ̀ ni kò ga. Kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà rẹ̀, bí ó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ni ó fi ń sọ̀ kí orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà dùn ún. Ó ti fi ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ tukọ̀ lórí odò, ọkọ̀ títù sì dá ebi sí i lára tí ó fi ń jẹ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí dókítà kan wá ní kí ó jáwọ́ nínú búrẹ́dì, ṣúgà, bíà àti ọ̀dùnkún, ó gbọ́, ó sì tẹra mọ́ ọn títí kílò 21 fi dínkù ní nǹkan bí ọdún kan ó lé oṣù kan. Ẹ bá mi pín in: kò tó ìdajì kílò lọ́sẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ kí a wò, nítorí ọtí wáìnì pọ̀ níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ìwà rẹ̀ ni. Ní 1863, ó kọ ìwé kékeré kan sí gbogbo ará ìlú, ó sì pín ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nínú rẹ̀ ni ó ti ka gbogbo ibi tí ó ti kùnà, àti bí ó ti wúwo tó, láìfi ìka ti férémù ilẹ̀kùn. Orúkọ rẹ̀ wọ èdè àwọn ará Swídìn: “banta” ni wọ́n ń pe kí ènìyàn máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́.

Sùúrù ni baba ìwà. Nínú ìtàn Ifá, Ìwà tí Ọ̀rúnmìlà fi ṣe aya, ìran Sùúrù ni, ọ̀bùn sì ni; ọjọ́ tí Ọ̀rúnmìlà lé e jáde nítorí ọ̀bùn yìí ni ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú, tí ó fi di ẹni tí ń wá a láti ilé dé ilé. Mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n inú pápá ìṣeré ilé-ìwé tí ó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìbàdàn ni ó ti yé mi. Ìwà lẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹwà rẹ̀ kì í tètè hàn ní agogo mẹ́fà ìdájí tí ìrì ń ta sí ni lẹ́sẹ̀, tí kò sí ẹni tí ń wo ni bí kò ṣe ewúrẹ́ méjì, tí ìrìn òní sì rí bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti àná. Ẹni tí ó bá lé irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde nítorí pé kò dùn, ó ti lé Ìwà jáde.

N kò ní purọ́ pé ọ̀dọ̀ ara ẹni nìkan ni ìṣòro wà. Ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ tí a ti ń kí ènìyàn pé, “O mà sanra o, ara tù ẹ́,” tí a sì ń kí ẹni tí ó fọn pé, “Ṣé kò sí o?” Nígbà tí kílò mẹ́jọ ti kúrò lára mi, ìjòyè kan nínú ẹgbẹ́ wa fà mí sí kọ̀rọ̀, ó bi mí bóyá àwọn ọmọ mi ń tọ́jú mi. Ní òde ìnáwó ńkọ́? Ẹni tí kò bá jẹun ní òde, ó dà bí ẹni tí ó bá olóde ṣọ̀tá. Mo ti rí àwọn tí ń fi ara dídínkù ṣe ìgbéraga, tí wọn a ti àwo sẹ́yìn níwájú ìyá arúgbó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún iyán, tí wọn a tún wá máa ṣe ìwàásù lórí ọ̀rá fún un. Ìwà burúkú nìyẹn, kílò mélòó kan tí ó bá kúrò lára irú wọn kò tó san án. Èdè wa ti ṣe ọ̀nà sílẹ̀ tipẹ́: ẹni tí ń jẹun a ní, “Ẹ wá jẹun,” ẹni tí kò ní jẹ a ní, “Á gba ibi ire o,” àlàáfíà a sì wà láàárín wọn. Níbi òkú àgbà kan ní Ọ̀yọ́, òkèlè méjì ni mo fọwọ́ bù, mo yin ọbẹ̀ tọkàntọkàn, mo bi ìyá tí ó sè é léèrè ibi tí ó ti rí irú tí ó ń ta sánsán bẹ́ẹ̀, ó sì fi bí ogún ìṣẹ́jú sọ ọ́ fún mi. Kò rántí wo àwo mi.

Ẹ má sì jẹ́ kí a fi sísanra ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn kan wà tí ìran wọn tóbi, àwọn kan wà tí oògùn àìsàn mìíràn ni ó mú wọn wú; ẹni tí a bá sì ń pè ní orobo lójú ọ̀nà kì í sábà gba pápá lọ, ìdí àwo ni ó máa ń padà sí pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Balógun Òru ńkọ́? Ìyàwó mi ni ó rọ̀ ọ́ lóyè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa ti ilé ìdáná ní agogo mẹ́jọ, kí kọ́kọ́rọ́ sì máa wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó mọ ibi tí òun ti ń ṣubú tí ó sì ní kí a di òun mú níbẹ̀ kò tẹ́. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń san ìṣẹ́jú 150 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ara ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1994, àwọn olùwádìí méjì, Rena Wing àti James Hill, bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ àwọn tí ó sọ ohun tí ó lé ní kílò 13 nù tí kò sì padà fún ọdún kan ó kéré tán; nígbà tí wọ́n wo ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe, wọn kò bá ìyanu kankan níbẹ̀: wọ́n ń jẹun àárọ̀, wọ́n ń gun òṣùwọ̀n déédéé, wọ́n sì ń lo nǹkan bí wákàtí kan lóòjọ́ láti fi ara ṣiṣẹ́, ìrìn sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Èmi náà ṣubú nígbà Kérésìmesì, ìrẹsì àti ẹran tòlótòló sì jẹ́rìí sí i. Lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun, mo padà sọ́dọ̀ ewúrẹ́ méjì náà.

Oṣù kẹrìnlá rèé. Kílò 97 ni mo kọ sínú ìwé ní Sátidé tó kọjá. Bí ẹ bá pàdé mi lójú títì tí ẹ rí i pé aṣọ ti ń fò lára mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà mí sí kọ̀rọ̀ bi mí bóyá nǹkan ń ṣe mí. Ẹ kàn kí mi kú ìrìn.